Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Accra, pàápàá ẹ̀yin ará wa ní Nima, Madina àti Accra New Town tí wọ́n ń pè ní Lagos Town láyé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí abọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ yín. Ọmọbìnrin tó ń gbààwẹ̀ léraléra, tó ń rù, tí gbogbo ilé sì ń yìn pé ó mọ Ọlọ́run, ó lè jẹ́ pé àìsàn ló ń ṣe é.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àìsàn òyìnbó ni kéèyàn máa febi pa ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2004, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ, British Journal of Psychiatry, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ní àríwá ìlà-oòrùn Ghana. Nínú 668 tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn 10 rù kọjá ààlà, kò sì sí ohun mìíràn tó fà á ju pé wọ́n ń febi pa ara wọn. Kì í ṣe sísanra ni wọ́n ń sá fún. Ẹ̀sìn àti ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n ń tọ́ka sí, ó sì wù wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ọmọ tó ní òun ò fẹ́ sanra, ìyá rẹ̀ á bá a wí. Èyí tó ní ààwẹ̀ lòun wà ńkọ́? Bó bá sì wá rù tán, ayé la máa ń kọ́kọ́ fura sí. A ó gbé e lọ síbi àdúrà, wọ́n á sì tún fún un ní ààwẹ̀ mìíràn. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nínú àìsàn yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba inú mọ́ ebi lọ́wọ́.

Fóònù tún wá dá kún un: àwọn ọmọ ń fi egungun àyà han ara wọn níbẹ̀, wọ́n ń kan sáárá sí ẹni tó pẹ́ jù láìjẹun.

Ẹ wo bí ọmọ yín ṣe ń jẹun. Á rún kẹ́ńkẹ́ wẹ́wẹ́, á máa fi tọ ṣìtọ̀ kiri nínú abọ́, á ní òun ti yó. Òmíràn á jẹ ẹ́ tán, á wọ ilé ìwẹ̀, á ṣí omi ẹ̀rọ kí ẹ má baà gbọ́ èébì. Nǹkan oṣù á dáwọ́ dúró, òtútù á máa mú un nínú oòrùn, òòyì á máa kọ́ ọ. Èébì àti oògùn tó ń múni yàgbẹ́ ń fa iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù kúrò lára. Ó lè pani lójijì.

Ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ bá wa dá sí i. Kùránì, Súrà kejì, ẹsẹ 184 àti 185, yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bú ọmọ náà, ẹ má sì fi tipátipá fún un lóúnjẹ. Ẹ mú un lọ sí Korle-Bu, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Asylum Down tàbí Pantang. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ọmọ di wèrè. Bó bá sì ti pẹ́ tí kò jẹun, ẹ má ṣe gbé fùfú rẹpẹtẹ síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá gbà láti jẹun. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó sì sọ ìwọ̀n tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, torí oúnjẹ púpọ̀ lójijì lè da iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rú débi tí ọkàn yóò fi daṣẹ́ sílẹ̀.