Ṣé Ìgbọràn Wa La Ó Fi Ra Ògo Ọ̀run?

Ìbéèrè: Oníwàásù kan sọ fún wa pé ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà, ṣùgbọ́n ìgbọràn ẹni ni yóò fi gba ògo lọ́run. Láti ìgbà náà, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Bí oorun bá gbé mi lọ lójú ìṣọ́ òru báyìí, ẹ̀rù á máa bà mí pé ògo ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ṣí Róòmù 8:29-30. Pọ́ọ̀lù to iṣẹ́ Ọlọ́run tẹ̀ léra níbẹ̀: ó mọ̀ wá tẹ́lẹ̀, ó yàn wá, ó pè wá, ó dá wa láre, ó ṣe wá lógo. Ọlọ́run kan náà ló ṣe márààrún. Kò sí ibi tó ti ní ká wá san àṣẹ́kù láàárín ìdáláre àti ògo.

Wo olè tó ronú pìwà dà nínú Lúùkù 23. Kò ráyè ṣe ìrìbọmi, kò ráyè dá ohun tó jí padà. Síbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni Jésù ṣèlérí Párádísè fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn á tọ́ka sí Róòmù 8:17, tó ní a ó bá Kristi pín ògo bí a bá bá a jìyà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti di ajogún ni ẹsẹ yẹn ń bá wí. Ọmọ kì í fi iṣẹ́ oko ra ogún bàbá rẹ̀. Torí pé ó jẹ́ ọmọ ló ṣe ń bá bàbá rẹ̀ roko. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ló ń ka Fílípì 2:12, níbi tí a ti ní ká ṣiṣẹ́ ìgbàlà wa yọrí, tí wọn kì í dé ẹsẹ 13, tó ní Ọlọ́run ló ń ṣiṣẹ́ nínú wa.

Ìjọ Àgùdà kọ́ni ní àpérò Trent lọ́dún 1547 pé iṣẹ́ rere ẹni tí a dá láre lè mú ògo rẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn náà gbà pé oore-ọ̀fẹ́ ló kọ́kọ́ wá. Ní tèmi, èrè iṣẹ́ wà lóòótọ́: 1 Kọ́ríńtì 3:15 ní iṣẹ́ ẹlòmíì lè jóná, kí òun fúnra rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ara ògo, Kristi ni yóò fi wọ̀ wá nígbà tó bá dé.

Nítorí náà, máa gbọràn pẹ̀lú ìdùnnú. Bí o bá kùnà, jẹ́wọ́, dìde, kí o máa bá iṣẹ́ Bàbá rẹ lọ.