Ojú Tábìlì Inú Kọ̀ǹpútà: Iṣẹ́ Àkọ́ṣe fún Akẹ́kọ̀ọ́ Kóòdù

Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, ojú tábìlì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kí wa: àwọn àmì kéékèèké, aago ní igun kan, fèrèsé tí à ń ṣí tí à ń pa. Ní 1973, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Xerox ní Palo Alto, Amẹ́ríkà, ṣe Alto, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi mouse darí. Lónìí, HTML, CSS àti JavaScript tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe àfarawé irú ojú tábìlì bẹ́ẹ̀ sínú Chrome tàbí Firefox. Iṣẹ́ yìí wù mí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù, nítorí bí o bá ṣe kọ ọ́ ni wàá ṣe máa rí i.

Má fi aago bẹ̀rẹ̀, má sì fi àwòrán ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Div lásán ni, àpótí onígun mẹ́rin tó ní ọ̀já lórí. Kọ position: absolute sí i nínú CSS. Left ni yóò sọ bó ṣe jìnnà sí apá òsì, top ni yóò sọ bó ṣe jìnnà sí òkè.

Wíwọ́ fèrèsé yẹn kiri gan-an ni iṣẹ́. Mousedown ni ìgbà tí ọwọ́ tẹ mouse, mousemove ni ìgbà tó ń rìn, mouseup ni ìgbà tí ọwọ́ tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kó ipò mouse sínú left tààrà. Kíá ni fèrèsé á fò, tí igun rẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ orí mouse. Kí ló fà á? Ká ní igun òsì fèrèsé wà ní 200, tí ìwọ sì di ọ̀já rẹ̀ mú ní 250. Àlàfo wọn jẹ́ 50. Tọ́jú 50 yẹn láti ìgbà mousedown. Bí mouse bá dé 400, yọ 50 kúrò: 350 ni fèrèsé yóò wà. Ẹni tó di àárín àga gígùn mú, tó ń gbé e lọ, orí àga kì í fò wá sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún top.

Ohun kan ṣì kù níbẹ̀. Document, ìyẹn gbogbo ojú ìwé náà, ni kí o fi mousemove sí, kì í ṣe ọ̀já. Bí o bá fi í sí ọ̀já, tí ọwọ́ sì yá jù, mouse á jáde kúrò lórí ọ̀já, fèrèsé á sì dúró sẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ṣe fèrèsé kejì. Méjèèjì á bo ara wọn bí ìwé orí tábìlì, z-index ló sì ń sọ èyí tó wà lókè. Tọ́jú nọ́mbà kan. Nígbàkígbà tí a bá tẹ fèrèsé kan, fi 1 kún nọ́mbà náà, kí o sì fi í ṣe z-index fèrèsé náà. Aago rọrùn: setInterval pẹ̀lú 1000, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan, parí rẹ̀.

Ṣí fáìlì tuntun lónìí, kọ fèrèsé kan péré, kí o sì wọ́ ọ títí yóò fi tẹ̀lé ọwọ́ rẹ láìfò.