Àròkọ Alálàyé: Olùdarí Ìtàn Nínú Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Akẹ́kọ̀ọ́, nínú àròkọ alálàyé, sọ ohun tí nǹkan jẹ́ kí o tó sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ka àpẹẹrẹ yìí:

“Neverwinter Nights jẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní ọdún 2002. Àwọn òṣèré lè pàdé nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí olúkúlùkù sì di ẹ̀dá ìtàn kan. A fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti darí ìtàn. Òun ni ó ń pe ọ̀tá jáde, tí ó sì ń fọhùn fún ọba tàbí oníṣòwò. Ó jọ apààlọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbọ́ ààlọ́ náà ni Ìjàpá fúnra wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti wọ igbó tí ó ti pèsè, kí ó má fi ipá tì wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n yàn ni kí ó mú ìtàn gbà. Bí ó bá sọ ẹ̀dá tirẹ̀ di akọni, àwọn yòókù di òǹwòran nìyẹn, wọn kò sì ní padà wá.”

Kíyè sí i: ìfiwéra kan ṣoṣo, ti apààlọ́, ni ó mú ohun àjèjì yé olùyẹ̀wò tí kò ṣe eré náà rí.