Ẹ̀kọ́ Tí Ajẹ́ńtì Ilé Ń Kọ́ ní Texas

Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé ní Houston, ẹ ò ní pẹ́ rí ajẹ́ńtì. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ìlú náà pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òmíràn á mú un mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹ lè bá a pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìkómọ, kó fún yín ní káàdì, kó ní kí ẹ pe òun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lè máa rò ó pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, pé ẹni tó bá ti mọ onílé, tó sì mọ ẹni tó ń wá ilé, ti di ajẹ́ńtì nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Texas. Ẹni tó bá gba owó torí pé ó bá ẹlòmíràn ra ilé tàbí pé ó bá a tà á, tí kò ní láísẹ́ǹsì, ó ti rú òfin. Kí láísẹ́ǹsì yẹn tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó máa jókòó ti ìwé.

Àjọ kan tó wà ní Austin, tí wọ́n ń pè ní TREC, ló ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Ọdún 1949 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní ìwé ìgbélùú tó bófin mu, lè kọ̀wé sí wọn. Wọn ò béèrè dìgírì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ẹ̀kọ́ 180 wákàtí, ì báà jẹ́ nínú kíláàsì, ì báà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kọ́ọ̀sì mẹ́fà ni wọ́n pín in sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 wákàtí. Méjì àkọ́kọ́ dá lórí ìpìlẹ̀ òwò ilé àti ilẹ̀: bí ilẹ̀ ṣe ń di ti ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń díye lé ilé, owó orí tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan dá lórí owó tí báńkì ń yá ènìyàn fi ra ilé, ọ̀kan dá lórí òfin àdéhùn. Méjì tó kù ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó oníbàárà ti ń yè tàbí kó ṣòfò.

Èkínní ni òfin tó sọ ẹni tí ajẹ́ńtì ń ṣiṣẹ́ fún. Ká ní onílé kan ń pe ilé rẹ̀ ní 300,000 dọ́là, ṣùgbọ́n ó sọ fún ajẹ́ńtì rẹ̀ pé bí wọ́n bá mú 280,000 wá, òun á gbà. Ajẹ́ńtì yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ta sí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà létí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí bùrókà kan, ìyẹn ọ̀gá tí ajẹ́ńtì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, bá fẹ́ dúró sáàárín olùtà àti olùrà, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé, àṣírí ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Láàárín àwa Yorùbá, ìbátan àti ìlú kan náà máa ń wọ òwò, ó sì máa ń nira láti sọ fún àgbà pé “Ẹ má bínú, mi ò lè sọ fún yín.” Àfi kí ajẹ́ńtì kọ́ ọ títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Èkejì ni ẹ̀kọ́ nípa fọ́ọ̀mù. TREC ti ṣe fọ́ọ̀mù àdéhùn sílẹ̀. Ajẹ́ńtì kì í ṣe lọ́yà, kò gbọdọ̀ jókòó kọ òfin tirẹ̀ sínú rẹ̀. Kíkún ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkún náà gba ìmọ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ra ilé gbígbé, olùrà lè san owó díẹ̀ kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mélòó kan tó máa fi yẹ ilé wò. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó lè ní òun ò rà mọ́, láìsọ ìdí. Ká ní ọjọ́ mẹ́wàá ni, tí àdéhùn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bí a bá fẹ́ kómọ jáde ní ọjọ́ kẹjọ, a máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bí i mọ́ ọn. Fọ́ọ̀mù yìí kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ kìíní rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá wá bọ́ sí Àìkú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà sì ni gbèdéke. Bí olùrà bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tó sùn, tó ní ó di àárọ̀ Ajé kí òun tó fi ìwé ránṣẹ́, ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ìdúró tó fi sílẹ̀, tó lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, sì lè bá a lọ.

Nínú fọ́ọ̀mù kan náà, wọ́n ní kí owó ìdúró yẹn dé ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta náà bọ́ sí Àìkú, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù gbà kí èyí sún di Ajé. Àìkú kan sún, èkejì kò sún. Ẹni tó sáré ka kọ́ọ̀sì yìí torí ìdánwò nìkan kò ní mọ̀ títí yóò fi kó bá oníbàárà.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà wa kì í fẹ́ gbọ́. Láti ọdún 1968 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kọ̀ kí wọ́n máa ṣe ojúsàájú nínú títa ilé àti yíyá ilé nítorí àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá. Ènìyàn á wá sọ fún ajẹ́ńtì pé, “Ẹ bá mi wá ibi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí.” Ohun rere ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ajẹ́ńtì kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà yan àdúgbò fún un. Iye tó ní, iye yàrá tó fẹ́, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìwọ̀nyí ni ajẹ́ńtì máa béèrè. Bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ dárúkọ àdúgbò, ó lè mú un lọ wò ó.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó kan títẹ ìka, kí wọ́n lè wádìí bóyá ènìyàn ti dáràn rí, àti ìdánwò. Apá méjì ni ìdánwò náà ní: ọ̀kan nípa Amẹ́ríkà lápapọ̀, ọ̀kan nípa òfin Texas. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta máa padà lọ kàwé, 30 wákàtí fún apá kan, 60 fún méjèèjì. Ọdún kan péré ni wọ́n fún un láti parí gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kọ̀wé béèrè. Bó bá sì yege tán, kò lè dá ṣiṣẹ́, àfi kí bùrókà kan gbà á sábẹ́ ara rẹ̀. Bí kò bá rí bùrókà, láísẹ́ǹsì rẹ̀ kàn wà lásán ni.

Gbígbà rẹ̀ nìyẹn. Dídì í mú ni ọ̀pọ̀ kì í múra sílẹ̀ fún. Ọdún méjì ni láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ ń lò, kí ó sì tó pé, ajẹ́ńtì gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ 90 wákàtí mìíràn kún 180 ti àkọ́kọ́. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ń ṣe é mọ́ iṣẹ́ mìíràn ni pé kó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kìíní, torí 90 wákàtí kò ṣeé kó sínú oṣù kan fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru. Lẹ́yìn ìyẹn, 18 wákàtí ni ní gbogbo ọdún méjì, mẹ́jọ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti òfin tuntun.

Òfin sì ń yí padà lóòótọ́. Láti 17 August 2024 ni National Association of Realtors ti ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn máa gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ olùrà kí wọ́n tó mú un lọ wo ilé. Nígbà tó di January 2026, Texas fúnra rẹ̀ sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ di òfin. Ẹni tó gba láísẹ́ǹsì ní 2015 kò bá èyí pàdé ní kíláàsì. Inú 18 wákàtí yẹn ló ti máa kọ́ ọ.

Ẹni tó bá fẹ́ di bùrókà fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tó gùn ju èyí lọ: ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ àti 900 wákàtí ẹ̀kọ́ lápapọ̀. Ẹni tó bá sì ń kó lọ sí Georgia tàbí Maryland máa béèrè láísẹ́ǹsì ti ibẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan fún ajẹ́ńtì, ẹ lọ sórí ojú ewé TREC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ máa parí, ẹ ó rí bùrókà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá bá “inactive” níwájú orúkọ rẹ̀, kò tíì láṣẹ láti bá yín ra ilé tàbí láti bá yín tà á.