Odidi Ọ̀rọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ Sí Oníbàárà

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò tíì pa òwe yìí fún, torí náà mi ò ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró. Bó ṣe ń ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ṣojú mi ní Oko Ọba, l'Ágége, ó sì dùn mí gan-an.

Ìyá alásè kan ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí alápatà rẹ̀ ní ilé ẹran lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo ohun tó kọ sórí WhatsApp ò ju báyìí lọ: "Ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ bá mi ṣe ẹran bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ ẹ ní kùtùkùtù ọ̀la. Ẹ ṣé." Alápatà ò sí nítòsí, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ni fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá yìí ra ẹran lọ́sẹ̀ tó kọjá: ó ra ẹran tí kò léegun fún ìkómọ, ó tún ra ṣàkì, fùkù àti ìfun fún búkà rẹ̀. Ẹrù búkà ni ọmọ náà bá wọn gbé sọ́kọ̀, òun ló rántí, òun náà ló sì dì, bẹ́ẹ̀ ti ìkómọ ni ìyá ní lọ́kàn. Nígbà tí ìyá tú àpò wò láàárọ̀ Sátidé, omi ti ń hó lórí iná, àwọn tó gbé àsè ìgbéyàwó fún un sì ti ń pè é lọ́tùn-ún lósì.

Ó gbé àpò náà padà wá sílé ẹran, ariwo sọ. Ohun tó bí mi nínú ni pé ọmọọṣẹ́ ni gbogbo àgbà tó dá sí i dá lẹ́bi. Ọ̀kan nínú wọn pa òwe àbọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lórí, bíi pé ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ló kù díẹ̀ káàtó. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kí ló wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn tí ì bá fi mọ̀ pé ìgbéyàwó ni?

Ẹ wo bí ìyá ì bá ti kọ ọ́: "Ẹ kúuṣẹ́ o, Alhaji. Ìyá alásè ti Òrílé Agége ni. Fún ìgbéyàwó ọ̀la, Sátidé: ẹran tí kò léegun, kílò 20. Kó kúrò lọ́dọ̀ yín láago 6 àárọ̀. Èmi ni mo máa san owó ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye gbogbo ẹ̀ sí mi lálẹ́ òní, kí n lè sanwó." Àsìkò tó fi máa kọ ìyẹn ò tó èyí tó máa fi gé àlùbọ́sà méjì. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ńkọ́? "Ó ti yé mi" ò tó. Kó tún un kọ padà, ohun tó fẹ́ dì, bó ṣe pọ̀ tó, àti aago tó máa gbéra. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń yọjú nígbà tí kò tíì náni lówó.

Mo mẹ́nu ba kílò, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe ṣekárími. Owó la fi ń ra ẹran lọ́jà wa: "ẹ gé ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún mi." Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ẹran ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè má tó ti òní. Kílò ò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí èyí tó ń dùn mí jù. Olóúnjẹ, oníbàtà, aránṣọ, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé àwòrán ọjà jáde lórí fóònù, àwòrán náà á rẹwà, wọ́n á wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wá sí inbox fún iye rẹ̀." Kí ló dé? Wọ́n á ní ọjà ń gun òkè lójoojúmọ́, wọ́n á tún ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣòwò máa fi bu iye tiwọn kù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ ń ṣòwò mọ iye tí ẹ ń tà. Òun náà lè wá sí inbox. Oníbàárà ni kò mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì í láti béèrè nǹkan tí agbára rẹ̀ lè má ká. Ó máa fọwọ́ gbá a kọjá ni, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ó wá.

Òfin pàápàá ò gbè wá. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti Ìjọba Àpapọ̀, ti ọdún 2018, sọ ọ́ ní abala 115 pé ọlọ́jà ò gbọ́dọ̀ pàtẹ ọjà láìfi iye rẹ̀ han oníbàárà. Bí iye méjì bá sì wà lára ọjà kan, èyí tó kéré ni oníbàárà máa san. Tó bá jẹ́ pé ọjà tó ń yí padà lẹ ń bẹ̀rù, ẹ kọ déètì sí i: "₦12,000, títí di Sátidé yìí." Tí Sátidé bá kọjá, ẹ kọ òmíràn. WhatsApp Business, tó ti wà láti ọdún 2018, ní ibi tí ẹ lè to ọjà sí pẹ̀lú iye rẹ̀, ẹ sì lè pààrọ̀ iye náà nígbà tó bá wù yín.

Àdírẹ́sì náà ńkọ́? "Ẹ sọ̀ ní Pen Cinema, kí ẹ pè mí." Ọ̀nà Ògbà, ọ̀nà Ìjú, ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé, afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 sì tún wà lókè. Ọlọ́kadà tó gbé ọjà yín máa yí ibẹ̀ po títí ni. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, nọ́ńbà ilé, àti nǹkan kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í kúrò níbẹ̀.

Ní ti àwọn ìyá wa tó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n ń ká ránṣẹ́, ohùn wọn dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa ká a lọ. Oríkì, àdúrà, ọjà, gbogbo ẹ̀ ló ń wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí ọmọ kan bá wọn kọ iye, òǹkà àti ọjọ́ sábẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa tún gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin torí nọ́ńbà kan.

Àwọn kan á ní àwọn baba wa fi àrokò ránṣẹ́ láìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá rí owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín papọ̀ mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sóun. Ó mọ̀ ọ́n torí pé òun àti olùránṣẹ́ jọ kọ́ ọ ni. Oníbàárà tó rí ọjà yín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sàn-án òní, kí lẹ jọ kọ́? Ibi tí mo ti rò pé òwe náà kù díẹ̀ nìyẹn: gbogbo làálàá ló gbé lé ẹni tó ń gbọ́ lórí, tí kò bá sì gbọ́ ọ, ó di ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jà, ẹni tó ń wá owó ló yẹ kó ṣe làálàá náà.

Mi ò ní ká gbàgbé òwe yẹn pátápátá. Níwájú èrò, tí ẹni tó jẹ yín lówó bá ń kọjá, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í léèrè àlàáfíà ilé. Ìyẹn ti tó. Tó bá wá dalẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sí òun nìkan: "Ẹ kúulé o, mà. Owó ẹran Sátidé tó kọjá ku ₦38,000. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè rí i gbà kó tó di Ọjọ́bọ̀? Ọjọ́ náà la ń sanwó màlúù." Ẹ má gbé òwe sórí status torí ẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè á kà á, á fò ó kọjá. Oníbàárà tí kò jẹ yín ní kọ́bọ̀ ló máa rò pé òun lẹ ń bá wí, á sì gbọ̀nà ọ̀dọ̀ alápatà mìíràn lọ.