Ẹyẹ Oko, Ẹ̀fọn Alẹ́ àti Ibà Tí Oògùn Kò Ràn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti irúgbìn. Ti ara ẹ̀yin fúnra yín ni. Àgbẹ̀ tí ibà dá dùbúlẹ̀ nígbà tí ìrẹsì ń pọ́n, ẹyẹ ni yóò bá a kórè rẹ̀.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn? Ó kan ẹni tó ń ṣọ́ ìrẹsì àkúrọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó kan ẹni tó ń dẹ àtè, tó ń fi tàkúté mú àparò àti àdàbà, àti ẹni tó ń kó awó ìgbẹ́ wálé láti sìn. Ó kan ẹni tó ń gbé ẹyẹ láàyè nínú àgò lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, ó sì kan àwọn ìyá wa lékúlẹ́jà tó ń ta ẹyẹ fún àwọn tó ń ṣe oògùn. Gbogbo yín lẹ ń bá ẹyẹ ìgbẹ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibà kan wà tí èèyàn á lo oògùn màláríà sí, á tún un lò, á tún lọ gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì, síbẹ̀ tí ara kò ní yá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oògùn ayédèrú ló fà á. Nígbà mìíràn, àìsàn náà kì í ṣe màláríà rárá. Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tó lè fara jọ màláríà bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, West Nile ni wọ́n sì ń pe fáírọ́ọ̀sì náà, nítorí pé ní ọdún 1937 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan tí ibà ń ṣe ní agbègbè tó ń jẹ́ West Nile ní ilẹ̀ Uganda.

Inú ẹyẹ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbé. Ẹ̀fọn á mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ tó ní i, fáírọ́ọ̀sì náà á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀fọn, tó bá sì yá, tí ẹ̀fọn yẹn bá jẹ ẹyẹ mìíràn, ó ti kó o ràn án nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń gbé e fún ara wọn nìyẹn, láti ẹyẹ sí ẹ̀fọn, láti ẹ̀fọn sí ẹyẹ. Èèyàn kò sí nínú àdéhùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í béèrè ẹni tó ni ẹsẹ̀ tó bá nílẹ̀. Bó bá ti ara ẹyẹ dìde tó sì bà lé yín, ẹ̀yin ni yóò jẹ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì yìí bá wọ ara èèyàn tàbí ẹṣin, kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó èyí tí ẹ̀fọn mìíràn lè gbé lọ. Màláríà kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn lè gbé e láti ara bàbá sí ara ọmọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe sá fún ẹni tí ibà West Nile bá mú, ẹ má sì ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ṣé ó wà lọ́dọ̀ wa ni? Ó wà. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀jẹ̀ èèyàn àti ti ẹran ọ̀sìn ní Nàìjíríà, wọ́n sì rí ipasẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà níbẹ̀. Ní 2015, ìwádìí mìíràn tún jáde lórí àwọn ẹṣin gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí. Púpọ̀ jù nínú àwọn ẹṣin tí wọ́n yẹ̀ wò ni fáírọ́ọ̀sì náà ti kọjá lára wọn. Ẹ̀fọn tó jẹ ẹṣin ní ilé kan kò ṣàì mọ ọ̀nà yàrá ẹni tó ni ẹṣin.

Ẹ̀yin náà ń rí alápàáńdẹ̀dẹ̀ àti àwọn ẹyẹ mìíràn tó máa ń ti ilẹ̀ òyìnbó wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì máa ń padà lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lè máa gbé fáírọ́ọ̀sì náà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ọdún 1999, ó dé ìlú New York ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n rí. Kannakánná ń já bọ́ láti orí igi, wọ́n ń kú, lẹ́yìn náà ni àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn ọpọlọ. Ẹ má ṣe retí irú àmì bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà ti ń bá fáírọ́ọ̀sì yìí gbé, wọn kì í sábà kú lọ́pọ̀ yanturu. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ le, tó ń fò, tó ń jẹ ìrẹsì yín, lè ní i lẹ́jẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ṣe ìyanu pé ẹ̀fọn lè gbé ohun tó ju màláríà lọ. Ní ọdún 1946, ibà pọ́njú tí àwọn dókítà ń pè ní yẹ́lò fífà jà nílùú wọn. Ó tún jà ní 1987 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ìgbà náà, kí wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun kúrò nínú rẹ̀ ní 1991, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Lára ọ̀bọ inú igbó ni fáírọ́ọ̀sì tiẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe lára ẹyẹ, ṣùgbọ́n omi tí a pọn sílé, tí a kò dé, ni ẹ̀fọn tó tàn án kálẹ̀ nígboro ti ń pamọ. Yẹ́lò fífà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí èèyàn bá gbà á ti tó fún ọjọ́ ayé rẹ̀. West Nile kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún èèyàn. Ẹṣin ló ní.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Yànmùyánmú kan náà ni a ń pe gbogbo wọn, àmọ́ oríṣi mẹ́ta ló ń bá wa jà, ìwà wọn ò sì dọ́gba. Èyí tó ń gbé màláríà fẹ́ràn omi tó dá tó sì dúró sójú kan, bí omi ojú ẹsẹ̀ màlúù àti ti ẹ̀bá àkúrọ̀. Òru ló ń jẹni. Èyí tó ń gbé yẹ́lò fífà dúdú, ó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, inú dírọ́ọ̀mù, ìkòkò, agolo àti táyà tó ti gbó ló ń yé sí. Ọ̀sán gangan ló ń jẹni. Ẹ̀kẹta ni Culex, òun gan-an ló ń gbé West Nile. Omi ìdọ̀tí ni tirẹ̀: gọ́tà tó dí, ṣáláńgá tí a kò dé, omi ìwẹ̀ tó ń rọ́ sẹ́yìn ilé. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló ń jáde, púpọ̀ nínú ìran rẹ̀ ló sì fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ. Igi máńgòrò tí ẹ̀gà sùn sí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tó dí, tí ẹ̀yin náà ń gba atẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀ lálẹ́, ẹ ti tẹ́ tábìlì oúnjẹ fún un nìyẹn.

Ojú omi ló ń yé sí, ẹyin rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara wọn, á léfòó. Ní bí ọjọ́ kan tàbí méjì, á di tanwíjí. Láti ẹyin títí tó fi máa fò, bí ọjọ́ 7 sí 10 ni nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ máa la gọ́tà kí ẹ sì máa da omi tó dúró nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ̀fọn ti fò.

Ọjọ́ tí ẹ bá mú ẹyẹ ìgbẹ́ tuntun wálé ló léwu jù. Fáírọ́ọ̀sì náà kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ tó bá yè é, ọjọ́ mélòó kan ni, lẹ́yìn náà ara ẹyẹ á ti borí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó awó tuntun mọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í sí àgò tirẹ̀, kó jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn, kí ẹ sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti gbó, tí ẹ ti rán ihò rẹ̀, bo àgò náà lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Owó kékeré ni, ó sì tún ń gba awó náà lọ́wọ́ ẹ̀fọn.

Ẹ̀yin tó ń tà ní Akẹ̀sán, ọjà iwájú Ààfin yìí kì í tètè tú, títí wọ alẹ́ ni. Ó jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún un kọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tuntun kò lè lé ẹ̀fọn bí gọ́tà iwájú rẹ̀ bá dí. Ẹ má gbé àgò ẹyẹ láàyè sétí gọ́tà. Tí ẹyẹ bá kù tí ẹ kò tà tán, ẹ bò ó. Ẹ̀yin lékúlẹ́jà, ẹyẹ gbígbẹ tó wà lórí àtẹ kò lè fún ẹ̀fọn ní ohunkóhun, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ẹyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 2002, ẹnì kan ń la òkú ẹyẹ ní ilé ìwádìí, ọ̀bẹ gé e níka, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí West Nile fi dá a dùbúlẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Wisconsin, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ oko tòlótòló kan wò, wọ́n sì rí i pé ó mú wọn ju àwọn ará àdúgbò wọn lọ. Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bó tàbí tó ní ọgbẹ́ kó má ṣe fa ìfun ẹyẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ dí ọwọ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ẹran tó bá jinná dénú kò ní fáírọ́ọ̀sì náà mọ́.

Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ àìsàn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlùù, èyí tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2006, tó sì pa èèyàn kan ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 2007. Ìyẹn kò nílò ẹ̀fọn. Ọwọ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti èémí ló ń gbà. Tí adìyẹ tàbí ẹyẹ bá ń kú lójijì lọ́pọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ké sí dókítà ẹran.

Ní ti ibà fúnra rẹ̀, nínú èèyàn 10 tí West Nile bá wọ ara wọn, bí 8 kò ní mọ ohunkóhun. Àwọn yòókù á ní ibà, orí fífọ́, ara ríro, èébì, nígbà mìíràn ara sísú, láàárín ọjọ́ 2 sí 14 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn jẹ wọ́n. Bí ẹnì kan nínú 150 ni ó máa ń kọlu ọpọlọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó lo oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún yín níka ní ilé ìlera kí wọ́n yẹ màláríà wò. Tó bá jẹ́ màláríà, ẹ lo oògùn rẹ̀ pé. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ má tún un lò, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀ ń bá ẹyẹ ìgbẹ́ ṣiṣẹ́, kó lè wá ìdí ibà náà síbòmíràn. Bí ọrùn bá gan, bí aláìsàn bá ń sọ ìsọkúsọ, bí gìrì bá mú un, tàbí bí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lè gbéra mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà ní tààrà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà tó ń gbé aláìsàn ró títí ara rẹ̀ á fi borí.

Mi ò fara mọ́ ti àwọn tó ń sọ pé ká kúkú máa pa ẹyẹ. Lékeléke tó ń bá yín ṣa tata lóko kò ṣẹ̀ yín, bí ẹ bá sì pa ọgọ́rùn-ún ẹ̀gà, ọgọ́rùn-ún mìíràn á dé lọ́la. Ẹ má sì da Gàmàlín tàbí oògùn kòkòrò mìíràn sínú omi tó dúró nítorí ẹ̀fọn. Omi yẹn ni ewúrẹ́ yín ń mu. Adágún ńlá tí ẹ kò lè gbẹ, ẹ da ọmọ ẹja sí i, á jẹ tanwíjí.

Ní ti ìṣọ́ oko, ẹ tò ó báyìí: àwọn tó bá ti lé ní ẹni 60 ọdún ni àìsàn yìí máa ń le sí jù, nítorí náà, kí àwọn bàbá àti ìyá àgbà máa ṣọ́ ẹyẹ lọ́sàn-án, kí ọ̀dọ́ gba ìṣọ́ lọ́wọ́ wọn kí oòrùn tó wọ̀. Kí ẹni tó máa dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn. Tó bá jẹ́ ahéré ló máa sùn, kó mú àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀ dání.