Ìwé Tí Ó Yẹ Kí Tọkọtaya Kà Kí Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Tó Dé

Bí obìnrin bá lóyún láàárín wa, àdúrà tí a máa ń ṣe fún un ni pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àdúrà tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin kan bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ràkúnmí rẹ̀, ohun tí ó kọ́ ọ ni pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Nínú ọ̀rọ̀ oyún, ìmọ̀ ni okùn náà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ mẹ́nu ba ìwé 4 tí ó yẹ kí tọkọtaya jọ kà.

1. Súrátù Maryam
Ẹ ṣí Alùkùráánì sí orí 19, kí ẹ ka ìtàn bí Maryam ṣe rọbí lábẹ́ igi dàbínù. Ìrora náà pọ̀ débi tí ó fi ń fẹ́ pé òun ìbá ti kú ṣáájú. Ọlọ́hun kò bá a wí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtùnú ni ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni omi tí ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀ àti dàbínù tútù tí yóò jẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kí á má ṣe pariwo mọ́ obìnrin tí ń rọbí, kí á má sì pè é ní ọ̀lẹ.

2. Ìwé kílíníkì
Ìwé tí wọ́n fún aláboyún ní ilé ìwòsàn ni ìwé tó ṣe pàtàkì jù fún oyún yẹn gan-an. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti gbani níyànjú pé kí aláboyún rí àwọn oníṣègùn, ó kéré tán, nígbà 8, kí àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Inú ìwé yìí ni wọ́n ń kọ ìfúnpá rẹ̀, èsì ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní àti ọjọ́ tí wọ́n ń retí ọmọ sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ kò tíì ṣí i rí.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kà á. Kí ẹ sì kọ ohun mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀: ẹni tí ó ní mọ́tò tí yóò gbé ìyàwó yín lóru, ẹni tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti ẹni tí ó lè pinnu bí ẹ kò bá sí nílé. A ti rí ilé tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá, tí wọ́n ṣì ń wá ọkọ kiri lórí fóònù kí ó tó yọ̀ǹda pé kí wọ́n gbé e lọ. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ nílé Mùsùlùmí.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dúró di ilẹ̀ mọ́ nìwọ̀nyí: ẹ̀jẹ̀ dídà, orí fífọ́ gidigidi, ojú tí ń ṣú, gìrì, ibà líle, omi tó tú kí àkókò tó tó, àti ọmọ tí kò yí nínú mọ́ bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀.

3. Where Women Have No Doctor
Ilé-iṣẹ́ Hesperian ni ó tẹ ìwé yìí jáde ní ọdún 1997. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn, àwòrán sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé lè máa túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà, nítorí òun gan-an ni yóò wẹ ọmọ.

4. Childbirth Without Fear
Dókítà ará Ìlú Ọba kan, Grantly Dick-Read, ni ó kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1940. Ohun tó ń sọ ni pé ìbẹ̀rù a máa mú kí ara le, ara tó le a sì máa fi kún ìrora. Ẹni tí ó bá yé aláboyún yékéyéké ohun tó ń bọ̀ ti dín ìbẹ̀rù rẹ̀ kù. Ní 2018, WHO náà gbà pé kí obìnrin tí ìrọbí rẹ̀ ń lọ déédéé lè rìn, kí ó jẹ, kí ó mu, kí ó yan ẹni tí yóò dúró tì í, kí ó sì yan bí ara rẹ̀ yóò ṣe wà. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ṣàìmọ èyí. Ṣebí ìkúnlẹ̀ ni a ń pe ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìwé yòówù tó bá ń sọ pé ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò bímọ dáadáa, ẹ pa á dé. Bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ìyá kò dẹ́ṣẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì dín. Ìwé kankan kò sì lè rọ́pò agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí ọmọ bá dé
Ẹ fi ọmọ sí àyà ìyá rẹ̀, kí ó mu ọmú láàárín wákàtí 1. Ọmú nìkan fún oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ pẹ̀lú ọmú títí di ọdún 2, gẹ́gẹ́ bí Súrátul-Baqarah ṣe dárúkọ ọdún 2 gbáko. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan ìwọ́ ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbẹ́ ẹran, eérú tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ. Kòkòrò àrùn kan lè wà nínú oyin tí ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò lè bá jà. Ẹ fi í ṣe àdúrà, kí àwọn àgbà lá a. Káàdì àjẹsára ọmọ ni ìwé tó kàn.

Iṣẹ́ tí a fún yín lóṣù yìí kò le: kí ọkọ kọ̀ọ̀kan tí ìyàwó rẹ̀ lóyún ṣí ìwé kílíníkì rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìṣáà alẹ́ òní, kí ó sì kọ ohun mẹ́ta yẹn sí i.

Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí á gbóhùn ìyá, kí á gbóhùn ọmọ. Ààmíìn.